Lagos Tí Kì Í Ṣe Èkó

Bí ọmọ Nàìjíríà bá sọ pé òun ń lọ sí Lagos, kò sí ẹni tí yóò bi í pé Lagos wo ni. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, Lagos mìíràn wà lórí ilẹ̀ ayé yìí, ó sì ti ń jẹ́ orúkọ náà kí Òyìnbó kankan tó fi pe Èkó wa. Ìlú kékeré kan ni, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Pọtogí, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Algarve, létí òkun Àtìláńtíìkì. Àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ mọ̀ ọ́n sí Lacobriga. Lẹ́yìn wọn, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ti Àríwá Áfíríkà wá jọba lé e lórí fún ọjọ́ pípẹ́, kí àwọn ọba Kristẹni tó gbà á ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá.

Ní ti orúkọ tiwa, èdè Pọtogí ni. Ní èdè wọn, "lago" ni adágún omi. Bí ó bá ju ẹyọ kan lọ, "lagos" ni. Nígbà tí àwọn atukọ̀ wọn rí ọ̀sà wa, wọ́n fi orúkọ omi náà pe ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ìlú méjèèjì kọjá orúkọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ óò ti rí i níwájú, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí a fi fẹ́ kí àwọn ìdílé wa mọ Lagos ti ilẹ̀ Pọtogí yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí a ti ń dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá wà ní Lisbon, olú ìlú ilẹ̀ Pọtogí, lè wọ ọkọ̀ ojú irin. Yóò sọ̀ ní ibùdókọ̀ kan tí ń jẹ́ Tunes, yóò sì wọ òmíràn tí ń gba etí òkun lọ. Ọdún 1922 ni ojú irin dé Lagos, ibẹ̀ náà ni ó sì parí sí. Ní ti àwọn ará wa tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà tiwọn tilẹ̀ yá jù: ọkọ̀ òfuurufú ń gbé ènìyàn láti ibẹ̀ lọ sí Faro ní nǹkan bí wákàtí mẹ́ta, láti Faro, ọkọ̀ ojú irin á sì gbé wọn dé Lagos. Ẹni tí yóò ti ilé wá gbọ́dọ̀ tètè wá físà, kí ó má ṣe jẹ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì ni yóò kọ́kọ́ rà.

Bí a bá ti jáde ní ibùdókọ̀, afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan ni a ó gbà sọdá odò Bensafrim, níbi tí àwọn olówó ń so ọkọ̀ ìgbafẹ́ wọn mọ́. Òdìkejì odò ni ìlú gan-an wà. Odi ńlá tí wọ́n mọ yí i ká láyé àtijọ́ ṣì dúró níbi púpọ̀, pẹ̀lú ibodè rẹ̀. Nínú odi náà, òpópónà tóóró tóóró ni, ilé funfun ni wọ́n kọ́ sí ọ̀tún àti sí òsì, òdòdó sì ń rọ̀ sílẹ̀ láti ojú fèrèsé. Òkúta kéékèèké funfun ni wọ́n tò sílẹ̀ dípò ọ̀dà, ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn sì ti fi ń dán fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi bàtà gogoro sílé. Bí òjò bá tilẹ̀ ta sí i díẹ̀, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀.

Ti oúnjẹ kò le. Ẹja pọ̀ níbẹ̀ bí ẹja ti ń pọ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Sadíìnì ni wọ́n fẹ́ràn jù, kì í sì í ṣe ti inú agolo. Ẹja tútù ni, tí wọ́n fi iyọ̀ ra, tí wọ́n sì yan lórí èédú tó ń jó. Wọ́n ní ìkòkò bàbà kan tí wọ́n ń pè ní cataplana, ìdajì méjì tó dé mọ́ra bí ìkarahun, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń se ẹja, edé àti ìṣáwùrú pọ̀ pẹ̀lú tòmátò. Ata wọn kò tó nǹkan o. Fún àwọn ọmọdé, ohun dídùn kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dom Rodrigo: pupa ẹyin, ṣúgà àti álímọ́ńdì ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì wé e sínú bébà tó ń dán. Ọ̀kan ti tó ọmọ kan. Wáìnì wà lórí tábìlì gbogbo, ṣùgbọ́n ọsàn Algarve dùn, a ò sì gbọ́ pé wọ́n fi ipá mú ẹnikẹ́ni mutí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò tilẹ̀ ń bá lọ ni ibi tí wọ́n ń pè ní Ponta da Piedade, tí kò jìnnà sí ìgboro. Àpáta gíga ni, àwọ̀ oyin ni ó ní, òkun sì ti gbẹ́ ẹ títí ó fi di ihò, òpó àti ẹnu ọ̀nà ńláńlá. Ẹ óò sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn gígùn kan lọ bá àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi kéékèèké. Wọn á wa ọkọ̀ wọ inú ihò lọ, ìmọ́lẹ̀ oòrùn á sì gba ojú àpáta wọlé, omi náà á wá di àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá rí i tí kò yin Ẹlẹ́dàá, ó ṣọ̀wọ́n. Omi náà tutù púpọ̀, kódà ní àsìkò ooru. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ wò kí wọ́n tó bẹ́ sínú rẹ̀.

Láàárín ìlú, ilé ìjọsìn kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Antonio, ẹni mímọ́ àwọn Àgùdà. Láti ìta, ẹ kò ní rò pé ohunkóhun wà níbẹ̀. Ẹ wọlé kí ẹ rí wúrà! Igi tí wọ́n gbẹ́ sí àwòrán áńgẹ́lì, ẹranko àti èso ni wọ́n fi wúrà bò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọdún 1707 ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì tún un kọ́ ní 1769 lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì. Ère Antonio tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun Lagos, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé ológun ní 1668, tí wọ́n sì wá fi jẹ ọ̀gágun nígbà tó yá. Àwa onígbàgbọ́ tí a kì í foríbalẹ̀ fún ère lè rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ àwọn agbẹ́gilére náà yẹ ní wíwò.

Ilẹ̀ tí a ní ó mì yẹn, ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1755 ni, ọjọ́ àjọ̀dún gbogbo ẹni mímọ́, ní òwúrọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí ilẹ̀ mímì náà kò wó, òkun tó ru wọ ìlú gbé e lọ. Lagos ni olú ìlú Algarve nígbà náà. Lẹ́yìn rẹ̀, Faro ni ipò náà bọ́ sí lọ́wọ́.

Ojúde Ọmọ Ọba Henrique

Ibi tí a fẹ́ dúró sí jù nìyí. Ojúde gbalasa kan wà létí odò, tí ère Ọmọ Ọba Henrique jókòó sí láàárín rẹ̀, tó kọjú sí òkun. Wọ́n gbé ère náà ró ní 1960. Henrique yìí ni ó ń rán àwọn ọkọ̀ ojú omi jáde láti lọ wá ilẹ̀ Áfíríkà kiri, Gil Eanes tó sì kọ́kọ́ kọjá orí ilẹ̀ Bojador ní 1434, ọmọ Lagos ni. Nígbà tí Henrique kú ní 1460, Lagos ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí kí wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ lọ sí Batalha. Ní igun ojúde náà, ilé kékeré kan wà tó ní àgbékọ́ òkúta rìbìtì níwájú. Mercado de Escravos ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé Ọjà Ẹrú. Ilé tó dúró níbẹ̀ lónìí, 1691 ni wọ́n kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ohun tí orúkọ rẹ̀ dúró fún ti ṣẹlẹ̀ ní ìlú yìí ṣáájú.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1444, agbowó-orí ọba ní Lagos, Lançarote de Freitas, kó ọkọ̀ mẹ́fà dé láti etí òkun Áfíríkà, láti ibi tí à ń pè ní Mauritania lónìí. Ènìyàn 235 ló kó bọ̀, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọ ọwọ́, tí wọ́n jí gbé ní abúlé wọn. Akọ̀wé ìtàn kan tó sin ọba, Gomes Eanes de Zurara, kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ní kùtùkùtù, nítorí ooru, ni wọ́n kó wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sí pápá kan lẹ́yìn ibodè ìlú. Àwọn ará ìlú pa iṣẹ́ wọn tì, wọ́n wá wòran. Wọ́n pín àwọn ẹrú náà sí ọ̀nà márùn-ún. Wọ́n ya baba sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ, ọkọ kúrò lára aya. Bí wọ́n bá ti fi ọmọ kan sí apá kan, yóò tún sá padà lọ bá bàbá rẹ̀ ní apá kejì. Àwọn ìyá gbá ọmọ wọn mọ́ra, wọ́n dojú bolẹ̀ lé wọn lórí, wọ́n sì ń jẹ ìyà kí a má bàa gba ọmọ náà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ Ọba Henrique wà níbẹ̀ lórí ẹṣin. Ìdá kan nínú márùn-ún, ènìyàn 46, ni tirẹ̀. Zurara ní inú rẹ̀ ń dùn bí ó ti ń ronú nípa ìgbàlà ọkàn wọn.

Ìgbàlà ọkàn! Ọ̀rọ̀ tí à ń lò nínú ìjọ wa lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ó tún ku èyí tí ó dùn wá jù. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí pín ẹnikẹ́ni, Zurara sọ pé wọ́n ti kọ́kọ́ mú èyí tí ó dára jù nínú wọn fún ìjọ ìlú náà gẹ́gẹ́ bí ọrẹ. Wọ́n sì fi ọmọdékùnrin kan ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ tí ń tẹ̀ lé Francis ní São Vicente do Cabo, níbi tí ó dàgbà sí tó sì di ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ti ń gbé àkọ́so wá síwájú pẹpẹ, ẹ wo irú àkọ́so yìí. Òfin Mósè nínú Ẹ́ksódù orí 21 ka jíjí ènìyàn tà sí ẹ̀ṣẹ̀ ikú, Deutarónómì orí 23 sì sọ̀rọ̀ nípa owó tí a kò gbọ́dọ̀ mú wọ ilé Olúwa rárá. Zurara kò sọ pé ẹnì kan nínú ìjọ náà kọ̀ ọ́. Ní 1452 àti 1455, Póòpù Nicholas Karùn-ún fi ìwé àṣẹ fún ọba ilẹ̀ Pọtogí láti ṣẹ́gun àwọn aláìgbàgbọ́, kí ó sì sọ wọ́n di ẹrú títí ayé.

Àwọn 235 yẹn kì í ṣe Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n là lọ́jọ́ yẹn ni ó gùn títí ó fi dé etí ọ̀sà tiwa. Nígbà tí Èkó wá di ọjà ẹrú ńlá, àwọn Pọtogí àti àwọn ará Bràsíl wà lára àwọn tó ń rà, àwọn ọba àti olówó tiwa náà ló sì ń tà, títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi yìnbọn lu ìlú náà ní 1851. Àwọn Àgùdà tí wọ́n padà láti Bràsíl wá tẹ̀ dó sí Pópó Àgùdà, pẹ̀lú orúkọ bíi da Silva àti Pereira, inú ọ̀ràn yìí ni orúkọ wọn ti wá. Àwọn òbí kan lè sọ pé kò yẹ kí a mú ọmọ dé irú ojúde bẹ́ẹ̀, pé ìgbafẹ́ ni a bá wá. Èrò tiwa yàtọ̀. Ọmọ tó bá ti lè ka ìtàn Jósẹ́fù àti àwọn arákùnrin rẹ̀ ti tó láti gbọ́ èyí. Láti 2016 ni wọ́n ti sọ Mercado de Escravos di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nípa òwò ẹrú, kò sì tóbi, kò ní sú wọn.

Bí ẹ bá jáde níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì lọ jẹ áísìkiriìmù. Ẹ rìn díẹ̀ sí i, lọ sí ẹ̀yìn odi ìlú, sí ibi tí ilé àwọn adẹ́tẹ̀ wà láyé àtijọ́. Ní 2009, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ láti kọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí sábẹ́ ilẹ̀. Egungun ènìyàn ni wọ́n kàn. Ó lé ní 150, nínú ààtàn kan tí wọ́n ti ń da ìdọ̀tí ìlú sí láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún: àgbà, ọ̀dọ́ àti ọmọ wẹ́wẹ́. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Coimbra yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti pá eyín wọn, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìlú tí wọ́n ti wá, ibẹ̀ sì ni a ti mọ̀ pé ọmọ Áfíríkà ni wọ́n. Ó jọ pé wọ́n so ọwọ́ àwọn mìíràn kí wọ́n tó jù wọ́n síbẹ̀.

Wọ́n kó àwọn egungun náà kúrò, wọ́n sì kọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí náà parí. Wọ́n ṣe pápá gọ́ọ̀fù kékeré kan sórí rẹ̀ fún àwọn ọmọdé àti òbí wọn. Ọjọ́ tí a débẹ̀, oòrùn mú, ọkọ̀ ń wọlé, ọkọ̀ ń jáde, àwọn ìdílé sì ń gbé agboòrùn àti aṣọ ìnura wọn sọ̀kalẹ̀ láti máa lọ sí etí òkun.