Gáàsì Tí À Ń Pè Ní Gáàsì: Iná Dígí-Yíyọ́ Nínú Ilé

Èdè ni iṣẹ́ mi, nítorí náà kò níí yà yín lẹ́nu pé láti ara ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni n óò ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé òní. Ọ̀rọ̀ náà ni gáàsì.

Bí a bá béèrè gáàsì ní Okota, ohun mẹ́ta ni a lè fi hàn wá. Olóúnjẹ yóò tọ́ka sí sílíńdà ìdáná rẹ̀. Wẹ́dà yóò tọ́ka sí àgbá tí ó ti ń po kábáìdì mọ́ omi. Ẹni tí ó ka ìwé ilẹ̀ òkèèrè lórí iṣẹ́ dígí yóò sì máa wá gáàsì inú ilẹ̀, èyí tí ó ń gba inú páìpù wọ ilé àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ kan náà ni àwa fi ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwà wọn kò sì dọ́gba. Ẹni tí ó bá fẹ́ máa yọ́ dígí nínú ilé tí kò sì yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti àwọn tí wọ́n jọ yá ilé ni ó fi ń ṣeré.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti wú ìkòkò ìyọ́-dígí àti ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní 12,000 jáde, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará àárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn Nupe ní Bida náà ti ń fi igi àti ẹwìrì yọ́ ìgò di ìlẹ̀kẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Iná kékeré orí tábìlì ni ó jẹ́ tuntun.

Gáàsì inú ilẹ̀ kò jìnnà sí Èkó. Láti ọdún 1989 ni páìpù ńlá ti ń gbé e láti Escravos wá sí ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Ẹgbin. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni ó ń jẹ ẹ́ jù. Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, sílíńdà ni a mọ̀. Ibi tí ewu ti ń wá nìyẹn, nítorí pé ìwé tí a ń kà kì í fi ìgbà gbogbo sọ̀rọ̀ nípa gáàsì tí ó wà lọ́wọ́ wa.

Gáàsì inú ilẹ̀ fúyẹ́; ó fi díẹ̀ ju ìdajì ìwọ̀n afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jò, òkè àjà ni ó ń lọ. Gáàsì inú sílíńdà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, láti ìlọ́po kan àtààbọ̀ dé ìlọ́po méjì. Bí òun bá jò, ilẹ̀ ni ó ń rá kiri. Ẹ wá wo bí àdúgbò wa ti rí: ọ̀pọ̀ ibẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ àfọ̀, ojú títì ga ju yàrá ìsàlẹ̀ mìíràn lọ, gọ́tà yí ilé ká, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń kùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gáàsì tí ó jò lábẹ́ tábìlì lè rìn nílẹ̀ dé ìdí jẹnẹrétọ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó gbóòórùn rẹ̀.

Nítorí náà, ihò tí ìwé sọ pé kí a lu sí òkè ògiri kò tó fún oní-sílíńdà. Ó gbọ́dọ̀ ní òmíràn ní ìpele ilẹ̀, tí kò kọjú sí gọ́tà. Kí ó má sì dí ti òkè, nítorí iná tí ó ń jó nínú yàrá tí a há lè mú èéfín olóró kan jáde, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ó sì ń pa ènìyàn.

Ẹnu iná pẹ̀lú kò ṣeé dédé pààrọ̀. Bí a bá wọn méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà, ooru gáàsì inú sílíńdà ju ìlọ́po méjì ti gáàsì inú ilẹ̀ lọ. Bí a bá so sílíńdà mọ́ ihò tí a lu fún gáàsì inú ilẹ̀, iná yóò pọ́n, yóò gùn, èédú rẹ̀ yóò sì ba dígí jẹ́. Ti kábáìdì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún wẹ́dà, àti rọ́bà rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí kì í ṣe gbogbo rọ́bà kábáìdì ni ó lè gba gáàsì ìdáná láìjẹrà.

Dígí ìgò ń rọ̀ ní nǹkan bí 700 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Dígí líle tí a fi ń ṣe ohun èlò yàrá ìwádìí ń dúró dé nǹkan bí 820, ọ́síjìn ni ó sì ń mú iná rẹ̀ gbóná tó bí a ti fẹ́. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Agbára ọ́síjìn sábà máa ń ju ti gáàsì lọ. Bí ẹnu iná bá dí, ọ́síjìn lè ti gáàsì padà wọ inú rọ́bà tirẹ̀, kí iná sì tẹ̀lé e. A gbọ́dọ̀ fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí ohun tí ó jáde padà sẹ́yìn sí rọ́bà méjèèjì, kí a sì fi ohun tí ń pa iná tí ó bá fẹ́ padà kún un. A kò gbọ́dọ̀ fi òróró kan ìdè ọ́síjìn, bí ó ti wù kí ó le tó láti dè.

Ìta ni kí sílíńdà wà, ní òró, kí a fi ẹ̀wọ̀n dè é mọ́ ògiri. Omi ọṣẹ ni a fi ń wá ibi tí ó ń jò, nígbàkúùgbà tí a bá tún ìdè kan dè. A kì í fi ìṣáná wá a. Bí iṣẹ́ bá parí, orí sílíńdà ni kí a kọ́kọ́ tì, kí a jẹ́ kí gáàsì tí ó kù nínú rọ́bà jó tán, kí a tó ti ẹnu iná.