Yíyan Etíkun fún Eré Káìtì ní Erékùṣù Sal

Erékùṣù Sal ní Cape Verde tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín òkun Atlantic, òkè tó lè dí atẹ́gùn lọ́nà kò pọ̀ níbẹ̀. Láti Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Karùn-ún ni atẹ́gùn àríwá ìlà-oòrùn máa ń le jù. Àsìkò náà ni àwọn tó ń dúró lórí pátákó kí káìtì ńlá máa wọ́ wọn lórí omi máa ń ya lọ síbẹ̀.

Ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ ṣe pàtàkì ju bó ṣe le tó lọ. Ní Costa da Fragata, lápá ìlà-oòrùn, ó ń fẹ́ ní ìdábùú wá sí èbúté. Bí káìtì bá já bọ́, atẹ́gùn á rọra ti ẹni náà padà sórí yanrìn. Ibẹ̀ ló dára jù fún akẹ́kọ̀ọ́. Omi Santa Maria ní gúúsù a máa tanni jẹ: ó parọ́rọ́ létí, àmọ́ atẹ́gùn rẹ̀ ń já lù, ó sì ń forí lé agbami.

Ponta Preta, ní ìwọ̀-oòrùn, le ju gbogbo wọn lọ. Ìgbì ibẹ̀ ga, àpáta dúdú jókòó létí omi, atẹ́gùn sì ń gbéni kúrò ní èbúté. Ẹni tí kò bá tíì lè wa káìtì padà síbi tó ti gbéra, kó jókòó sórí yanrìn máa wòran.