Ọlọ́dẹ kọ̀ǹpútà yín ń ṣọ́lé ni, àbí ó ti sùn lọ?

Ẹni tó gba ọlọ́dẹ tí kò dán an wò, ilé rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kọ̀ǹpútà. Àìmọye èèyàn ló fowó ra ètò tó ń lé fáírọ́ọ̀sì. Gbàrà tí wọ́n bá ti rí àmì aláwọ̀ ewé lójú ẹ̀rọ, ó parí, ọkàn wọn balẹ̀. Ta ló wá sọ fún wọn pé ọlọ́dẹ ọ̀hún ò sùn?

Ọgbọ́n wà tí wọ́n fi ń dán an wò. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan nílẹ̀ Yúróòpù, EICAR, gbé fáìlì bíńtín kan jáde. Lẹ́tà àti àmì inú rẹ̀ ò ju 68 lọ. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì rárá, kò sì lè ba nǹkan kan jẹ́. Àmọ́ àwọn tó ń ṣe ètò ààbò ti fẹnu kò pé bí ètò àwọn bá fojú kàn án, kó pariwo bí ẹni tó rí olè. Ọ̀fẹ́ ni, ọ̀dọ̀ EICAR fúnra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ ti gbà á. Bí ariwo bá sọ, ọlọ́dẹ jí nìyẹn. Bí fáìlì bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ tètè ké sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ẹ má sì dán an wò níbi iṣẹ́ láìsọ fún ọ̀gá o!

Ṣùgbọ́n kí ọlọ́dẹ jí ò ní kó dá gbogbo olè mọ̀. Lọ́jọ́ kejìlá oṣù karùn-ún, ọdún 2017, WannaCry ya wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 káàkiri ayé. Ó ti fáìlì onífáìlì pa, ó ní kí wọ́n wá sanwó ìtúsílẹ̀. Nílùú Ọba, àwọn ọsibítù ní láti dá aláìsàn padà sílé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti oṣù kẹta ọdún náà ni Microsoft ti gbé àtúnṣe tó dí ihò tó gbà wọlé jáde. Àwọn tí ò gbé e sórí ẹ̀rọ wọn ló kó sí i lọ́wọ́.

Nítorí náà, ohun méjì ni kẹ́ ẹ máa wò: ṣé ọlọ́dẹ jí, ìgbà wo ni kọ̀ǹpútà sì gba àtúnṣe kẹ́yìn? Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.