Ìdun Nínú Ilé: Ẹ Má Ṣe Fi Oògùn Oko Lé E

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ ìdun ń gbà gbé ènìyàn wá sí ilé ìwòsàn wa ní Alafiarou. Àwọn kan wà tí ìdun jẹ, tí ara ń yún wọn. Wọ́n á gba ìtọ́jú, wọ́n á sì padà sílé. Àwọn kejì ni àwọn tó fọ́n oògùn òwú tàbí oògùn ẹ̀wà sí orí bẹ́ẹ̀dì kí ìdun lè kú, tí gbogbo ilé sì sùn lé e lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Àwọn kejì yìí ló ń bà wá lẹ́rù. Nítorí wọn la ṣe kọ ìwé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á fún àwọn tí kò mọ̀wé nínú agbo ilé yín.

OÒGÙN OKO KÒ GBỌDỌ̀ WỌ YÀRÁ

Oògùn tí à ń fọ́n sí òwú, sí ẹ̀wà tàbí sí kajú, gbangba oko ni wọ́n ṣe é fún, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé e lọ. Nínú yàrá olójú fèrèsé kan, kò ríbi lọ. Á mu sínú fóòmù, á mu sínú ẹní àti ìrọ̀rí, ẹni tó bá sùn níbẹ̀ á sì máa fà á símú láti alẹ́ títí di òwúrọ̀. Ó tún ń gba awọ ara wọlé, pàápàá nígbà ooru tí òógùn ń bo ènìyàn. Ọmọ tó ń rákò, tó fọwọ́ pa ẹní tó sì ki ọwọ́ bọ ẹnu, ti jẹ oògùn nìyẹn. Bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún wákàtí kan kí òórùn rẹ̀ lè lọ, òórùn lè lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn ṣì wà nínú fóòmù.

Borgou wa yìí ti rí ohun tí oògùn òwú lè ṣe. Ní àkókò òwú ọdún 1999, ní Borgou àtijọ́ tí Alibori wà nínú rẹ̀, oògùn tí wọ́n ń pè ní endosulfan pa ènìyàn 37 ó kéré tán gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ìjọba, àwọn 36 mìíràn sì ṣàìsàn gidigidi. Kì í ṣe àwọn tó gbé ẹ̀rọ ìfọ́noògùn kọ́ ẹ̀yìn nìkan ló mú. Àwọn kan jẹ àgbàdo tó wà láàárín òwú tí wọ́n fọ́n ni. Lọ́dún 2011, àdéhùn àgbáyé ti Stockholm fi endosulfan kún àwọn oògùn tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rọ́pò rẹ̀ náà lè pa ènìyàn.

Ìgò kékeré tó ń gba ẹnubodè wọlé láti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní Sniper tàbí ọ̀tápíápíá, DDVP ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Oògùn oko ni òun náà. Ní Nàìjíríà gan-an, àjọ NAFDAC tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn fòfin de títà ìgò kéékèèké DDVP lọ́dún 2019. Bí ó bá jẹ́ pé inú ìgò omi tàbí ìgò ọtí ni wọ́n bu oògùn sí fún yín lọ́jà, ẹ má rà á rárá. Òùngbẹ á gbẹ ọmọ yín lọ́jọ́ kan, á sì gbé e mu.

A mọ̀ pé ẹni tí ìdun ò jẹ́ kó sùn lè sọ pé kí ìdun ṣáà ti kú ná. Kì í kú tán. Oògùn ti mọ́ ìdun lára tipẹ́. Láti ọdún 1947 ni wọ́n ti rí ìdun tí oògùn DDT kò ràn mọ́ ní Hawaii, nínú ilé àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà. Bí oògùn bá tilẹ̀ pa àwọn tó ti dàgbà, ẹyin wọn á yè. Nínú ooru bíi tiwa, ẹyin wọ̀nyí á pa láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ 10, ìdun á tún kún bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yin náà á sì tún gbé ìgò. Báyìí ni ọmọ kan ṣe ń fa oògùn símú lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin kí òjò ọdún kan tó dá.

Ẹ́sáǹsì àti pẹtiró tí àwọn kan ń dà sí ojú ihò bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Iná ni wọ́n ń pè wọlé. Ẹ má dán an wò.

BÍ OÒGÙN BÁ TI MÚ ÈNÌYÀN

Itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, òógùn á bò ó, ojú rẹ̀ á máa ṣomi, ọmọlójú rẹ̀ á sún kì bí orí abẹ́rẹ́. Ó lè máa bì, ó lè máa yàgbẹ́, ẹran ara rẹ̀ á máa fò, mímí á sì máa ṣòro fún un. Bí ọmọdé bá ń gbọ̀n báyìí, àwọn òbí kan máa ń rò pé gìrì lásán ni, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí wá àgbo. Bí ẹ bá ti fọ́n oògùn nínú ilé lọ́jọ́ yẹn tàbí lánàá, ẹ má wá àgbo.

Ẹ gbé e jáde sí gbangba lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ bọ́ aṣọ ara rẹ̀, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ fi ọ̀rá bo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Epo kì í pa májèlé. Èébì tó bá sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lè pa á kí oògùn tó pa á. Ẹ wá zémíjàn, ẹ gbé e wá ní òru, ní ọ̀sán, nígbàkigbà, bí kò bá tilẹ̀ sí owó lọ́wọ́. Ẹ gbé ìgò tàbí páálí oògùn náà dání, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń sọ ìtọ́jú tí a ó ṣe àti bóyá a ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Papané tàbí ti Parakou. Ẹ má purọ́ fún wa pé oúnjẹ ló jẹ. Kò sí ẹni tí yóò bá yín wí. Ohun tó ń pa àwọn ọmọ ni àkókò tí a fi ń wá ohun tí ẹ ti mọ̀ kiri.

OHUN TÓ Ń PA ÌDUN

Ooru ni. Ìdun, ọmọ rẹ̀ àti ẹyin rẹ̀, kò sí èyí tó lè yè nínú omi híhó.

Ẹ tú bẹ́ẹ̀dì sí wẹ́wẹ́, ẹ gbé e síta, ẹ da omi híhó sí gbogbo oríkèé igi, ihò ìṣó àti abẹ́ pákó. Ẹ yẹ ojú rírán fóòmù wò pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì: ibi tí ẹ bá ti rí àmì dúdú kéékèèké tó ṣù jọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbọ̀n wọ́n jáde sínú omi ọṣẹ. Aṣọ, ìbora àti aṣọ ìrọ̀rí, ẹ rẹ wọ́n sínú omi gbígbóná. Èyí tí omi gbígbóná lè bà jẹ́, ẹ fẹ̀ ẹ́ sínú ọ̀rá dúdú kó má nípọn, ẹ dì í pa, kí ẹ sá a sórí páànù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ẹ máa yí i padà.

Fóòmù tí ẹ kàn sá sóòrùn láìdì í kò tó. Bí òkè rẹ̀ ṣe ń gbóná, ìdun ń sá lọ sí ìsàlẹ̀, lálẹ́ wọ́n á padà.

Ẹ fi amọ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì dí ojú ògiri tó là. Ẹ fa bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú agolo omi ọṣẹ. Kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní ọjọ́ méjì méjì, nítorí omi tó bá pẹ́ nílẹ̀ láìní ọṣẹ, ẹ̀fọn ni yóò fi ṣe ilé. Gbogbo iṣẹ́ yìí, ẹ tún un ṣe ní ọjọ́ 7 sí 7 fún ọ̀sẹ̀ 6. Ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹyin tó ṣẹ́kù á jẹ́ kó dà bíi pé kò ṣe nǹkan kan. Kí ẹ sì ṣe é ní gbogbo yàrá inú agbo ilé lọ́jọ́ kan náà, nítorí ìdun kì í fò, ṣùgbọ́n ó ń rìn.

Fóòmù àlòkù tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀, àpò ẹni tó ti ìrìn àjò dé, bẹ́ẹ̀dì tí ẹ jogún: ìta ni kí ẹ ti yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó wọlé.

ÀWỌ̀N Ẹ̀FỌN

Àwọn kan ti ká àwọ̀n tí ìjọba pín kúrò, wọ́n ní òun ló ń kó ìdun wá. Ìdun kàn ń sá pamọ́ sí etí rẹ̀ ni, oògùn ara àwọ̀n kò sì ràn án mọ́ dáadáa. Ẹ gbọ̀n ọ́n níta, ẹ ṣa ìdun ojú rírán rẹ̀, ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ ìfọṣọ lásán fọ̀ ọ́, ẹ sá a sí ibòji. Omi híhó á ba oògùn rẹ̀ jẹ́. Kí ẹ sì tún ta á padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìdun kì í gbé ibà, ẹ̀fọn ló ń gbé e, ibà ló sì ń pa ọmọ.

BÍ ÌDUN BÁ JẸ YÍN

Ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ fọ ibẹ̀, ẹ gé èékánná àwọn ọmọ. Bí ibẹ̀ bá ń ṣọyún, tàbí bí ọmọ bá ní ibà, ẹ wá lọ́jọ́ náà. Ibà yẹn kì í ṣe ti ìdun, a gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

OWÓ

A kì í ta oògùn ìdun ní ilé ìwòsàn. A kò rán ẹnikẹ́ni láti máa kiri ojúlé gba owó fọ́n yàrá. Bí ẹnìkan bá gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn wá, tó ní àwa la rán òun, ẹ má ṣílẹ̀kùn yàrá fún un, ẹ má fún un ní sẹ́fà kan. Ẹ sọ fún olórí abúlé, kí ẹ sì jẹ́ ká gbọ́ kó tó kúrò ní àdúgbò.