Ọjọ́ Òjò ní Àjàṣẹ́ àti Ilé Amọ̀ Àwọn Àgùdà



Ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni àsìkò òjò máa ń wá lọ́dún. Ti àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin títí di oṣù keje. Òjò á wá sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kí àrọ̀kúrò tó dé láti oṣù kẹsàn-án wọ oṣù kọkànlá. Àrọ̀kúrò kì í pẹ́ tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ní Àjàṣẹ́, ìlú etí ọ̀sà tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, omi méjì ló máa ń pàdé lákòókò náà.

Omi kìíní ń ti ojú ọ̀run bọ̀. Èkejì ń ti òkè odò wá. Odò Wẹ̀mẹ̀ (Ouémé) gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 500, láti àríwá ló sì ti ń ṣàn bọ̀ wá sí gúúsù. Ní àríwá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àsìkò òjò lọ́dún, oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án ló sì máa ń le jù. Omi yẹn ń rin ìrìn-àjò kó tó kàn wá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sà fi lè kún ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ rárá lọ́dọ̀ wa. Bí òjò bá wá rọ̀ lé e, omi ojú títì tó yẹ kó ṣàn lọ sínú ọ̀sà kì í ríbi gbà mọ́.

Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹwàá, òjò ká wa mọ́ ọ̀nà bí a ti ń ti ọjà bọ̀. A sáré yà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àtijọ́ kan. Bàbá tó ń gbébẹ̀ ti gbé abọ́ mẹ́ta sábẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò. A kí wọn pé, "Ẹ kú òjò o, Bàbá." Wọ́n ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀yin ọmọ mi. Bó bá ti ṣú lálẹ́, n kì í sùn." Wọ́n fi yàrá kan hàn wá lápá kejì, tí ògiri rẹ̀ wó ní èṣí.

Ilé Àgùdà ni. Àgùdà ni a ń pe àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, àti àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n padà wá sí etí òkun wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835, wọ́n lé ọ̀pọ̀ padà sí Áfíríkà. Àwọn mìíràn fi owó ara wọn wọkọ̀. Iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà wà lọ́wọ́ wọn. Ìlànà wọn ni a rí lára àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó ní fèrèsé gíga, àti lára Mọ́sálásí Ńlá tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia.

Kì í ṣe itọ́ ni wọ́n fi mọ àwọn ilé yìí. Amọ̀ pupa tó nípọn ni. Bó bá gbẹ, ó lè gbé ilé fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Bí omi bá wọ̀ ọ́, ó ń rọ̀, kò sì lè ru ẹrù mọ́. Omi ń gba òkè wọlé níbi tí páànù ti dípẹtà. Ó ń gba ìsàlẹ̀, níbi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ti ń gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri. Ó sì ń gba ibi tó bá sán: bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Sìmẹ́ńtì tí àwọn kan fi ń rẹ́ ògiri amọ̀ kò yanjú rẹ̀. Ńṣe ló ń há omi mọ́ inú, tí amọ̀ á máa bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ láìsí ẹni tó rí i.

Ohun tó le jù ni ọ̀rọ̀ ogún. Ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn ọmọ wà ní Kútọnu, ní Èkó, ní Faransé. Gbogbo wọn ló ni ilé, kò sẹ́ni tó fẹ́ dá owó páànù san.

Oṣù kẹjọ, tí òjò bá sinmi, ni ìgbà àtúnṣe. Ẹ pààrọ̀ páànù tó jò, ẹ la ojú omi jìnnà sí ẹsẹ̀ ògiri, ẹ fi irú amọ̀ kan náà dí ibi tó sán. Páànù méjì lè gba yàrá kan là. Ẹ ya fọ́tò ilé náà pẹ̀lú, ẹ bi àwọn àgbà léèrè ẹni tó kọ́ ọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá tó gbà wá sílé lọ́jọ́ òjò náà mọ orúkọ bíríkìlà tó kọ́ ilé wọn. Wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn tó wà ní Èkó kò mọ̀ ọ́n.