Ẹ̀jẹ̀ Tí Ọmọ Titun Gbé Wá sí Ayé

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó rò pé ní ọjọ́ tí a bá bí ọmọ, iṣẹ́ dídá ara rẹ̀ ti parí, ó ku kí ó mu ọmú kí ó sì dàgbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan òkè àwùjẹ̀ rẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé eegun orí kò tíì pàdé. Ó sábà máa ń ju ọdún kan lọ kí ó tó dí, nítorí ọpọlọ ṣì ń gbèrú. Ṣùgbọ́n èyí tí ó yẹ kí àwọn ìyá Ọ̀tà àti Ṣàngó mọ̀ jù ni ti ẹ̀jẹ̀.

Nínú oyún, afẹ́fẹ́ tí ó ń kan ọmọ kò pọ̀, nítorí náà ara rẹ̀ a kó ẹ̀jẹ̀ pupa jọ ju ti àgbàlagbà lọ. Nígbà tí ó bá mí fúnra rẹ̀, kò nílò gbogbo rẹ̀ mọ́; ara a bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ti àtijọ́. Láti inú ẹ̀jẹ̀ tí ó fọ́ ni àwọ̀ kan ti ń jáde, bí ti èso ìyeyè tí ó pọ́n. Ẹ̀dọ̀ ni í kó o dànù, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ọmọ titun kò tíì gbó tó iṣẹ́ náà. Ìdí nìyí tí ojú ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń pọ́n ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, tí ó sì ń mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Àwọn ọmọ kan wà, àwọn ọkùnrin ni ó pọ̀ jù, tí ẹ̀jẹ̀ wọn tètè ń fọ́ ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Ọmọkùnrin a máa jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní àìtó G6PD. Láàárín Yorùbá, bí ọmọkùnrin 1 nínú 5 ni ó ní i. Kì í ṣe ègún. Ní ọdún 1969, Luzzatto, Usanga àti Reddy, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, fi hàn pé kòkòrò ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè nínú irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dá ibà dúró yìí kan náà ni káńfọ̀ ń fọ́. Ìyá a ra káńfọ̀ roboto ní ọjà, a kó o sí àárín aṣọ ìkómọ kí kòkòrò má bà á jẹ́, a sì wọ aṣọ náà fún ọmọ pẹ̀lú òórùn rẹ̀. Òórùn yẹn nìkan tó. Àwọ̀ ìyeyè náà a bo ẹ̀dọ̀ mọ́lẹ̀, a wọ inú ọpọlọ. Ọmọ tí ó bá là á já lè di adití, tàbí kí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ má lè ṣiṣẹ́. Ẹ sá aṣọ ọmọ sí oòrùn, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí káńfọ̀ wọ yàrá rẹ̀ rárá.

Ní ojúmọmọ, ẹ gbé ọmọ sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ wo funfun ojú rẹ̀ àti èrìgì rẹ̀. Bí ó bá pọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tàbí tí ó dé àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí tí ọmọ kọ ọmú, tí ó ń ké kíké líle tàbí tí ó ń tẹ̀ sẹ́yìn, ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀tà ni kí ẹ gbà lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Àgbo, omi gúlúkóòsì àti oòrùn òwúrọ̀ ń fi àkókò ṣòfò ni. Ní ilé ìwòsàn, a ń tẹ́ ọmọ sí abẹ́ ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró, pẹ̀lú aṣọ lójú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà a yí àwọ̀ ìyeyè inú awọ ara padà, yóò sì bá ìgbẹ́ àti ìtọ̀ jáde.