Ọmọbìnrin, Ọmọ Ni

Nígbà tí a bá gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun nínú agbo ilé kan ní Iléṣà tàbí ní Òṣogbo, ìbéèrè tí ó máa ń tẹ̀lé e ni pé, "Akọ ni tàbí abo?" Bí ó bá jẹ́ abo fún ìgbà kẹrin, ojú ìyá a fà ro, nítorí ó mọ̀ pé àwọn ará ilé ọkọ yóò máa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kò tíì bí àrólé. Ọkọ mìíràn a fẹ́ ìyàwó kún un; ìyá mìíràn a máa lóyún lé oyún títí agbára rẹ̀ yóò fi tán.

Ìdí tí àwọn àgbà fi fẹ́ ọmọkùnrin kò ṣòro láti mọ̀. Òun ni ó ń bá bàbá kọ ebè, òun ni ó sì ń dúró sí agbo ilé kí orúkọ má baà parun; ọmọbìnrin a lọ sí ilé ọkọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ Òṣogbo di ìlú aró? Àwọn obìnrin tí ń rẹ aṣọ ni. Ta ni ó ń ru igbá lọ sí odò Ọ̀ṣun lọ́dọọdún nítorí gbogbo ìlú? Wúńdíá ni, Arugbá. Ìtàn Iléṣà pẹ̀lú sọ pé obìnrin ti jẹ Ọwá rí. Nínú ogún pínpín, àṣà ìdí-igi kò yọ ọmọbìnrin sílẹ̀: ìyá tí ó bí obìnrin nìkan ní ìpín tirẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá tí ó bí ọkùnrin.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìyá kọ́ ni ó ń fa akọ tàbí abo. Ohun tí ìyá ń mú wá sí oyún jẹ́ oríṣi kan ṣoṣo, tí a ń pè ní X. Ti bàbá jẹ́ oríṣi 2, X àti Y. Bí X ti bàbá bá bá ti ìyá pàdé, obìnrin ni. Bí ó bá jẹ́ Y, ọkùnrin ni. Obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Nettie Stevens, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rí èyí nínú ara kòkòrò ní ọdún 1905. Àgbẹ̀ tí ó gbin ẹ̀wà kì í bá ilẹ̀ jà pé kò hu àgbàdo.

Oyún lé oyún a máa dín ẹ̀jẹ̀ ìyá kù. Ọmọ tí a tètè já lẹ́nu ọmú a sì máa rù. Àwọn baba ńlá mọ èyí, nítorí náà ni ọkọ fi ń yàgò fún aya fún ọdún 2 tàbí 3 nígbà tí ọmọ ń mu ọmú. Àjọ Ìlera Àgbáyé pẹ̀lú gbà ní ìmọ̀ràn pé kí ìyá dúró fún ọdún 2, ó kéré tán, lẹ́yìn ìbímọ kí ó tó tún lóyún.

Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní àwọn ọdún lẹ́yìn 1955, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà bẹ̀rẹ̀ sí wọn ìwúwo àwọn ọmọ ọwọ́, ó sì ń fi ìwé ìwọ̀n náà lé ìyá lọ́wọ́ láti tọ́jú. Ìwé bẹ́ẹ̀ ti dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní ayé. Ọ̀kan náà ni ìwé ti Morley nígbà náà fún akọ àti abo.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá, bí a bá bí ọmọbìnrin nínú ilé yín, ẹ fún ìyá rẹ̀ ní oúnjẹ tí ó dára, ẹ jẹ́ kí ó sinmi, kí ẹ sì rán ọmọ náà lọ sí ilé ìwé nígbà tí àkókò bá tó. Ẹni tí ó bá tọ́ ọmọ dáradára ni ó ní àrólé.